Orúka Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Lórí Hóró Ìlẹ̀kẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Apoògùn ilé ìwòsàn ńlá wá sí láàbù wa láàárọ̀ yìí. Òjò ti pa á, kò sì bọ́ kóòtù rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà ti dáwọ́ dúró. Kì í ṣe fún oṣù kan tàbí méjì o. Wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́ láéláé. Èyí tó kù nínú fíríìjì rẹ̀ ò lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ìyẹn tí kálukú bá ń gba ìlàjì ohun tó yẹ kó gbà. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìwé orúkọ wọn síwájú Ọ̀gá. Ẹ̀yìn Ọ̀gá ni mo dúró sí, mo sì rí orúkọ àbúrò mi ní ìlà kẹrin.

Ọ̀gá yọ awò ojú wọn. "Ṣé kí àwa wá di ẹni tó ń ṣe oògùn?"

"Ẹ̀wọ̀n olórúka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni oògùn náà, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ irú rẹ̀ so nítòsí ibí, sà. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti fọwọ́ sí i. Tó bá ti mọ́ tó márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, tí kòkòrò kankan ò sì sí nínú rẹ̀, a óò gbà á."

Ọ̀gá wojú mi. Wọ́n mọ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn ni wọ́n fún mi láyè ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè jókòó ti àbúrò mi nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn fún un, tí ọ̀bẹ sì gé kókó kéékèèké mẹ́rin tó ń ṣọ́ kálíṣíọ̀mù dànù, èyí tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ yìí ló ń bá a di kálíṣíọ̀mù mú nínú ẹ̀jẹ̀. Tí kò bá sí i, iṣan ara rẹ̀ á máa fà, lẹ́yìn náà gìrì.

"Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀," Ọ̀gá pè mí, "ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa bá wa so ẹ̀wọ̀n ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá, ẹni tó máa tún un ṣe ò tíì dáhùn lẹ́tà Ọ̀gá. Ọwọ́ la máa fi ṣe é. Orúka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ mi méjì, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ méjì.

Jẹ́jẹ́ ti wà ní láàbù yìí kí Ọ̀gá tó dé, kí èmi fúnra mi tó mọ̀ pé ásíìdì máa ń jẹ aṣọ. Orúkọ wọn gan-an wà nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́, a kì í gbọ́ ọ níbòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo iṣẹ́ ayé. Mo ní kí a yára. Wọ́n ní, "Jẹ́jẹ́." Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré la ní. Wọ́n ní, "Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Orúka mẹ́jọ ti wọlé. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi bí mo ṣe ń bọ̀. Ó ń rán aṣọ ìyàwó kan, aṣọ funfun náà bo tábìlì, ó bo àga, ó bo òun fúnra rẹ̀ títí dé àyà.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń bá aránṣọ sọ̀rọ̀."

Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ìgò alásẹ́, hóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn. Orúka àkọ́kọ́ la so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Orúka kọ̀ọ̀kan ló dé fìlà, kó má baà dì mọ́ ohun tí a ò rán an sí. A ó ṣí fìlà, a ó fọ̀ ọ́, a ó da orúka tó kàn sí i lọ́pọ̀ yanturu kí gbogbo ọwọ́ tó nà lè rí nǹkan dì mú, a ó sì tún fọ èyí tó ṣẹ́kù dànù. Ẹ̀wọ̀n ò lè bá omi lọ nítorí ó rọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ìdọ̀tí nìkan ló ń lọ. Tó bá di ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n, a ó fi ásíìdì líle já gbogbo rẹ̀ kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀, ohun tó bá já bọ́ ni oògùn.

"Ẹ kàn án mọ́ tábìlì kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń rán an."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé orúka kan ti mú dáadáa?"

"A ó bu ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀, a ó kán omi àyẹ̀wò sí i, a ó fi iná yá a. Tó bá di aró, ọwọ́ kan ṣì ṣófo níbìkan. Tó bá dúró lójú àwọ̀ ìyeyè, ó pé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé apá kan ẹ̀wù mi o." Ó fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mo sì rí i pé ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń ká. Ó rí i pé mo rí i. Ó fi aṣọ bò ó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Orúka kẹtàlá. Ìyeyè, ìyeyè, ìyeyè. Òjò ò dá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Orúka kẹtàdínlógún kọ̀. Aró tó kì, bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú. Mo tún un so. Aró. Mo tún un so fún wákàtí mẹ́ta. Aró.

Jẹ́jẹ́ gbé ìgò sókè sójú fèrèsé. "Wo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ. Ó ti súnkì. Àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ ti dì mọ́ra wọn, wọn ò jẹ́ kí àlejò wọlé."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀ẹ̀meje la ti so orúka kan náà. Ọ̀gá ní kí a dé ọwọ́ tó ṣófo pa, kí a máa tẹ̀ síwájú pẹ̀lú èyí tó gbà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í ka iye koríko tí òun dì mú.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

A já a lánàá. A fi í sínú ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ lónìí, tó ń ya ìlà kan sókè fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá rí. Ohun tó yẹ ká rí ni igi kan ṣoṣo lórí pápá. Igbó la rí. Oògùn gidi inú rẹ̀ ò ju mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ti lọ. Mo fọ ìgò. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo fọ ìgò.

Màámi pè mí lórí fóònù, wọ́n ní ṣé àlàáfíà la wà. Mo ní àlàáfíà ni, mà. Wọ́n ní kí ló dé tí àbúrò mi kì í gbé fóònù pẹ́ mọ́. Mo ní aṣọ ìyàwó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí n bá sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ̀ ń ká tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè di fóònù mú, wọ́n á wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, wàhálà tèmi yóò sì di méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgò kejì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a gbé ìgò sí, ìgbà méjì méjì ni a óò sì máa so orúka kọ̀ọ̀kan. A ó máa wọlé ní kùtùkùtù, àti Àbámẹ́ta àti Àìkú. Jẹ́jẹ́ ò ráhùn. Wọ́n kàn gbé àga tìmùtìmù kan wá láti ilé wọn, wọ́n ní ìdí àwọn ti dàgbà ju àga láàbù lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo bá àbúrò mi lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bàbá kan jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì, awakọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn náà wà lára àwọn mọ́kànlá. Ìyàwó wọn di fìlásíkì tíì mú lórí itan bí ẹni di ọmọ. Àbúrò mi sọ fún wọn pé èmi ni ẹni tó ń ṣe oògùn náà. Ǹ bá ti fún un lẹ́nu pa.

Bàbá awakọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Mo rò pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni."

"Rùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù ni," ìyàwó wọn fèsì, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan nọ́ọ̀sì. Bí bàbá náà ṣe ń rẹ́rìn-ín, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fà, ẹnu wọn sì yà sápá kan. Ìyàwó wọn fi àtẹ́lẹwọ́ rọ́ ọ padà jẹ́jẹ́, láìdá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A KỌJÁ ÌKẸTÀDÍNLÓGÚN. Ìyeyè! Ìyeyè tó mọ́ bí ẹyin. Jẹ́jẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì wọ òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Jẹ́jẹ́ lọ yọ eyín. Omi ìfọ̀ tán ní ọ̀sán, ẹni tó ń kó o wá ní ó di Ọjọ́ Ajé. Mo rí àgbá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ń rùn díẹ̀ bí ẹja. Díẹ̀ ni. Mo fi so orúka mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣòfò, nígbà tí àbúrò mi ń fi eyín fa òwú já.

Àyẹ̀wò fi ìyeyè hàn ní gbogbo ìgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, a rí ìgò omi tuntun mẹ́fà yá lọ́dọ̀ láàbù òkè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! A já a ní agogo mẹ́wàá. Ásíìdì ń rú èéfín nínú àpótí onígíláàsì, mo dúró tì í fún wákàtí mẹ́ta bí ẹni dúró ti ìyá ìkókó. Nígbà tí a dà á sínú omi tútù kan tó máa ń yára gbẹ lójú afẹ́fẹ́, ó dì lẹ́ẹ̀kan náà, ó funfun, ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìgò. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ọ̀gá, tí orúnkún ń dùn.

Mo pe àbúrò mi. Ó ké. Mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Ó wúwo jù lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe pé ó fo orúka. Orúka ló lé. Ẹ̀wọ̀n tó pé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó fi orúka kan jù ú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń rìn bí ìbejì, ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ ò sì lè là wọ́n. Mo wo nọ́ńbà náà títí ó fi di ìlà lásán lójú mi. Nígbà náà ni òórùn ẹja wá sí imú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó ń rùn nínú yàrá.

Omi ìfọ̀ tó bá ń rùn bí ẹja ti bàjẹ́. Ohun tó ń rùn yẹn gan-an ló máa ń ṣí fìlà. Bí mo ṣe ń so orúka kan, òórùn yẹn ń ṣí fìlà rẹ̀ lẹ́yìn mi, irú rẹ̀ kejì sì ń gùn ún lórí. Àyẹ̀wò mi ò lè rí i, nítorí ọwọ́ tó ṣófo nìkan ló máa ń wá. Ọmọ ọdún kìíní mọ èyí. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní èyí!

Mo wọlé tọ Ọ̀gá. Mi ò jókòó. Mo ní, "Èmi ni, sà. Àgbá àtijọ́ ni mo lò. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì lò ó."

Wọ́n kọjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ìbá sàn kí wọ́n jágbe mọ́ mi.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́tàlá, sà."

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi ń so ó?"

"Mẹ́wàá, sà. Lẹ́yìn náà àyẹ̀wò."

Wọ́n dé ìdérí bírò wọn. "Lọ bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Àbúrò mi ní Bàbá awakọ̀ ránṣẹ́: kí a fún àwọn bẹ́ẹ̀. Orúka kan tó lé, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tí ebi ń pa kì í wo eérú ara iṣu.

Ọ̀gá ní rárá. Ohun tí a ò mọ̀ kì í ṣe oògùn, ó lè pa wọ́n yára ju àìsí rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi dà á nù. Mo dà á sínú àgbá ìdọ̀tí. Kò tó ìkúnwọ́ ọmọdé. Ó funfun gan-an ni.

Jẹ́jẹ́ ti ń dúró dè mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣì wú níbi eyín. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

"Mo ti ń ronú. Ilé yẹn kún jù. Ẹ̀wọ̀n pọ̀ jù lórí hóró kan, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń dì mọ́ra. Jẹ́ ká lo ìlẹ̀kẹ̀ tí ààyè wà lórí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n díẹ̀ lórí hóró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ráyè mí."

"Ohun tí a máa rí níkẹyìn máa kéré, sà."

"Díẹ̀ tó pé." Wọ́n ti ń wọn ìlẹ̀kẹ̀ tuntun. "Àti pé èmi ni màá máa gbóòórùn omi. Imú àgbà ò ní àbúrò."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù ló pè mí. Gìrì mú àbúrò mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹdáàlì, ẹ̀rọ ò sì dúró. Abẹ́rẹ́ gba inú ìka ìtọ́ka rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ ìyàwó láti àyà dé ìbàdí.

Wọ́n ti gbà á sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ń gba iṣan fún un ní kálíṣíọ̀mù, ó ń jó o lápá bí iná. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yẹn." Mo ní màá bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rẹ̀ mí o." Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Láti kékeré, òun ló máa ń ṣàwàdà kí èmi tó sunkún.

Mi ò tíì sọ fún un nípa àgbá náà. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Orúka kẹtàdínlógún wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlẹ̀kẹ̀ wú, ó rọ̀, kò sí ìjà. Jẹ́jẹ́ kàn fi ìka tẹ etí ìgò díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo yà sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Bàbá awakọ̀ wà níbẹ̀ láti àná. Ohùn wọn ti ń há.

"Ọmọ mi, orúka mélòó?"

"Ogún, Bàbá."

"Ó ku mẹ́rìnlá." Wọ́n mí. "Má sáré o. Mo wa ọkọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Gbogbo àwọn tó ń sáré kọjá mi lórí òkè, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń bá wọn, táyà lókè."

Ìyàwó wọn ní kí wọ́n fi ẹ̀mí mi sílẹ̀ kí n lọ sinmi. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dúró dè wá."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Bàbá awakọ̀ kú láàárọ̀ yìí. Ọ̀fun wọn ló há pa.

Ọjọ́bọ̀ kan náà

Mo ti ṣírò rẹ̀. Ká ní ìgò kejì pé ni, àyẹ̀wò yóò ti parí ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Abẹ́rẹ́ ì bá ti wà lára wọn láti ọjọ́ márùn-ún. Mo ṣírò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ṣírò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Mo kúrò ní láàbù láìdágbére, mo lọ sílé, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn. Mo rò ó pé tí n kò bá tún fọwọ́ kan ìgò mọ́ láyé mi, mi ò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Agogo méjì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ni, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí àtẹ̀gùn ilé wa ga. Ọdún méjìlélógún tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, wọn ò wá sílé mi rí.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Apoògùn ti sọ fún mi."

"Èmi ni mo pa wọ́n, sà."

Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní, "Orúka kejìdínlọ́gbọ̀n wà nínú ìgò. Mo ti ṣí fìlà rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé o ti lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lónìí, mi ò lè wọn èyí tó kàn. Tó bá wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, ó lè bàjẹ́."

"Sà..."

"Sunkún. Ṣùgbọ́n máa sun ún bọ̀ lọ́nà."

Mo bá wọn lọ. Orúka kọkàndínlọ́gbọ̀n wọlé ní agogo márùn-ún. Ìyeyè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. A já a. Ó funfun. Kò sẹ́ni tó ké, kò sẹ́ni tó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Fíríìjì apoògùn ṣófo láàárọ̀ yìí.

Ní ọ̀sán, ẹ̀rọ ìwọ̀n. Mi ò lè wò ó. Mo kọjú sí ògiri, mo ń ka ìkìlọ̀ iná tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ọ̀gá ka nọ́ńbà náà sókè. Wọ́n tún un kà. Ó pé. Kò lé, kò dín.

Ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀: igi kan ṣoṣo lórí pápá. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò sí kòkòrò. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i ní agogo mọ́kànlá. Ó máa tó mọ́kànlá wọn fún ogún ọjọ́ gbáko. Mo kọ mọ́kànlá. Mẹ́wàá ló kù.

Nọ́ọ̀sì gún àbúrò mi ní ikùn. Abẹ́rẹ́ náà kéré, a ò tilẹ̀ rí omi inú rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìka àárín nà, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e. Ìka ìtọ́ka ṣì wà nínú báńdéèjì. Ó la ọwọ́ náà, ó tún dì í, bí ọmọ tuntun.

Nígbà náà ni mo sọ fún un nípa àgbá. Gbogbo rẹ̀. Nípa Bàbá awakọ̀ pẹ̀lú.

Ó wo báńdéèjì ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Torí tèmi lẹ fi sáré." Kì í ṣe ìbéèrè. Ó yí ojú sí ògiri, mo sì mọ̀ pé mo ti bu nínú ẹrù mi lé e lórí. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ìgò kẹrin bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ogún ọjọ́ ò jìnnà.

Mo ń fọ orúka kẹrin lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn láàbù. Ìyàwó Bàbá awakọ̀ ni. Apoògùn ti sọ fún wọn pé ìpín ọkọ wọn ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Jẹ́jẹ́ gbé àga tìmùtìmù tiwọn fún Ìyá, wọ́n sì fi àwa méjèèjì sílẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ." Mo sọ ọ́ ní ìdúró. Mi ò bá wọn fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó bàjẹ́ bò ó, mi ò mẹ́nu ba ẹni tó pẹ́ kó tó kó omi wá.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Ọwọ́ wọn wà lórí báàgì wọn.

"O gbóòórùn rẹ̀?"

"Mo gbóòórùn rẹ̀, mà."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Mo fẹ́ kó tètè tó àbúrò mi lọ́wọ́."

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ó ti padà sílé, mà."

Wọ́n mi orí fún ìgbà díẹ̀. "Mi ò ní sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà. Ọdún mẹ́tàlélógójì la fi jọ wà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi. "Ṣé òun náà nìyẹn?"

"Òun ni, mà. Orúka kẹrin."

"Jẹ́ kí n rí i bó ṣe ń rí nígbà tó bá pé."

Mo bu ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, mo kán omi àyẹ̀wò sí i, mo fi iná yá a. Wọ́n dìde, wọ́n súnmọ́ mi títí èjìká wọn fi kan tèmi, wọ́n sì wò ó pẹ̀lú mi. Ó dúró lójú ìyeyè.

"Ó pé?"

"Ó pé, mà."

Wọn ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Tún un yẹ̀ wò."

Mo tún un yẹ̀ wò.